ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ẹ JẸ́ KÍ ÌYÁ LỌ

Lóru, ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn etíkun Èkó, títí kan Eleko níbí. Ẹyin náà lè tó 100. Tó bá ti ń yé, kò lè sáré sá lọ. Ṣé torí pé ó rọrùn láti mú ló fi di ẹ̀bùn Ọlọ́run?

Deuteronomi 22:6-7 ní tá a bá rí ìtẹ́ ẹyẹ, ká jẹ́ kí ìyá lọ. Ẹni tó kó ìyá tọmọ ti jẹ oúnjẹ ọ̀la.

Lónìí, ta ló wà níkàáwọ́ yín tí kò lè sá? Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni, àbí ẹni tó jẹ yín lówó? Ẹ má gba gbogbo ẹ̀ tán. Olúwa á ràn wá lọ́wọ́. Àmín.