Ìwòsàn Omi, Láti Orísun Ni

  

Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀mí Mímọ́ fi sí wa lọ́kàn fún àjọ̀dún yìí, ọ̀rọ̀ omi ni. Aládùúrà ni wá. Omi kì í ṣe ohun kékeré lọ́dọ̀ wa. Omi la fi ń ṣe ìrìbọmi, omi la ń gbàdúrà sí fún aláìsàn àti aboyún, odò tó ń ṣàn ni a sì ń rán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ láti wẹ̀. Nítorí náà, bí odò ìlú bá bàjẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa sí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 2, ẹsẹ 19 sí 22. Àwọn ará Jẹ́ríkò tọ Èlíṣà wá, wọ́n jẹ́wọ́ fún un pé ìlú àwọn wu ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ń ṣe àwọn níbi. Wòlíì náà béèrè àwo tuntun àti iyọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ó gbé iyọ̀ náà lọ o! Kò dà á sínú ìkòkò ẹnikẹ́ni nínú ilé. Orísun omi gan-an ni ó lọ, ibẹ̀ ni ó dà á sí, Ọlọ́run sì wo omi náà sàn.

Ìbàdàn náà, ìlú tó wu ojú ni. Odò Ògùnpa ń ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá, láti ìhà Agodi wá sí Gbági àtijọ́ títí dé ìhà Mọ́lété. Ṣùgbọ́n ọdún gorí ọdún ni àwọn ènìyàn ń da ilẹ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́lé sún mọ́ bèbè rẹ̀, títí odò kò fi rí ibi yí ẹsẹ̀ sí. Nígbà tí ó di 31 August 1980, òjò ńlá rọ̀ fún wákàtí bíi mẹ́wàá. Ọjọ́ Ìsinmi ni o, ọjọ́ ìjọsìn! Omi dé abẹ́ afárá, ó bá pàǹtírí tó dí ibẹ̀ pa, kò rí ọ̀nà lọ, ó bá yà wọ ilé. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 200. Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Omíyalé níwájú àwọn àgbà Ìbàdàn, wọn a mí kanlẹ̀.

Ẹlòmíràn a ní iwin inú odò ló ń bínú. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ẹ̀mí òkùnkùn wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá, páànù àti bẹ́ẹ̀dì jíjá tó dí abẹ́ afárá, ọwọ́ ènìyàn ló jù ú síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ àǹjọ̀nú. Ohun tí ọwọ́ dí, ọwọ́ náà ni yóò là á, kí àdúrà tó rí ọ̀nà gbà.

Ìjọba gbìyànjú. Wọ́n fi kọnkéré ṣe ọ̀nà fún Ògùnpa. Síbẹ̀, ní 26 August 2011, àwọn odò Ìbàdàn tún kún, ẹ̀mí tó lọ tún lé ní 100. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti yá wa fún ọ̀rọ̀ àgbàrá ìlú náà. Owó dára, àbí? Ṣùgbọ́n owó kò lè ṣọ́ ọwọ́ tó ń gbé garawa ilẹ̀ lọ sí gọ́tà nígbà tí òjò bá ṣú.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé odò tó bàjẹ́ kò lè sàn mọ́. Àwọn ará wa tó ń gbé London mọ odò Thames. Ní 1858, òórùn ẹ̀gbin inú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ ojú fèrèsé ilé aṣòfin sínú oògùn apòórùn. Ní 1957, àwọn onímọ̀ ní odò náà ti kú. Nígbà tí Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) fìdí múlẹ̀ ní London ní 1964, odò tí wọ́n pè ní òkú ni wọ́n bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ẹ̀gbin ṣe, wọ́n dí ẹ̀gbin lọ́nà kó tó dé odò, ẹja sì padà. Ní 1974, wọ́n rí ẹja sámọ́nì níbẹ̀, èyí tó ti pòórá fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Iṣẹ́ kò tíì tán. Ní 2025 ni wọ́n parí ọ̀nà omi ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀ kan tó gùn tó 25 kìlómítà. Orísun náà ni wọ́n lọ!

Àwa ńkọ́? Ìsíkíẹ́lì orí 47 sọ fún wa pé omi kan ń sun jáde láti abẹ́ ìloro ilé Ọlọ́run. Ibi gbogbo tó bá ṣàn dé, ẹja ń yè. Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn àjọ̀dún yìí, kí ni yóò ṣàn jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa? Ṣé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike oúnjẹ ni, àbí ìyè?

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó ìdọ̀tí rẹ̀ jọ kí aṣọ funfun tó kúrò lọ́rùn. Kí baba má kọ́lé sí ojú odò nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́ọ́kú. Kí ìyá má rán ọmọ lọ dalẹ̀ sí gọ́tà. Kí onílé gbẹ́ ṣáláńgá, kí ìgbẹ́ má bàa dé inú omi, nítorí ọ̀nà tí onígbáméjì ń gbà wọlé nìyẹn. Deuteronomi 23, ẹsẹ 12 sí 14, kọ́ Ísírẹ́lì láti bo ìgbẹ́ wọn mọ́lẹ̀, nítorí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń rìn láàárín ibùdó. Ìwà mímọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ará!

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó da pàǹtírí síwájú ńkọ́? Kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò tẹ̀?

Olúwa tó wo omi Jẹ́ríkò sàn, wo omi ìlú wa sàn. Fi iyọ̀ sí wa lọ́wọ́, kí o sì fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé e dé orísun. Omi kò ní gbé wa lọ, kò ní gbé ọmọ wa lọ. Àmín, Àṣẹ.