Ọwọ́ Ni Ó Ń Ta Jìtá, Kì Í Ṣe Ojú

Ìbéèrè kan wà tí ó jọ ọ̀rọ̀ ọjà lásán, ṣùgbọ́n tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìwà. Bí ẹni tí ara rẹ̀ kò tóbi, tí ìka rẹ̀ sì kúrú, bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń ta jìtá, èwo ni ó tọ́ kí ó rà? Ṣé kékeré tí yóò wọ abẹ́ apá rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ yóò sì gba ìka rẹ̀ ni, àbí ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí jìtá, kí ó máa fara dà á títí yóò fi mọ́ ọn lára? Ìbéèrè yìí kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń yan irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní Libreville, olú-ìlú Gabon, ó tún jinlẹ̀ sí i, nítorí pé òjò ìlú náà pọ̀ púpọ̀, igbó orílẹ̀-èdè náà sì wà lára ibi tí igi dúdú tí a ń tẹ́ sí ojú ọrùn jìtá ti ń wá.

Àwọn kan gbà pé ìtura ni ọ̀tá ẹ̀kọ́. Lójú tiwọn, ẹni tí ó wá jìtá tí ó rọrùn ti jẹ́wọ́ ọ̀lẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ jìtá tí okùn rẹ̀ kò ní dun orí ìka rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Awọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yi kí ohùn tó já gaara. Ìrora ẹ̀kọ́ nìyí, bí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń tẹ̀ síwájú ni ó ń dínkù. Ṣùgbọ́n ìrora mìíràn wà tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èjìká tí ó gbé sókè nítorí pé apá kò lè ré kọjá ara jìtá, ọrùn ọwọ́ tí ó wọ́ nítorí pé àtàǹpàkò kò rí ibi dúró sí: bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni irú ìrora yìí ń pọ̀ sí i, kì í sì í fi ọgbọ́n kankan sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan náà pe ìrora méjèèjì ti ṣi ọ̀rọ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà Yorùbá ti fi òwe yanjú apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe náà kò sọ pé ọwọ́ kan sàn ju èkejì lọ. Ohun tí ó sọ ni pé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní agbo onílù. Kànnàngó kéré púpọ̀ sí ìyá ìlù, síbẹ̀ àgbà onílù a máa lù ú, kò sì dín iyì rẹ̀ kù.

Ìtàn jìtá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jìtá tí ara rẹ̀ kéré ni tọkùnrin tobìnrin ń ta ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ohun ìṣeré ọmọdé. Ọdún 1916 ni ilé-iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe jìtá ńlá tí a fi orúkọ ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Dreadnought, pè; ọdún 1931 ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ohùn tí yóò rinlẹ̀, tí yóò sì gbé orin àwọn akọrin ró, ni wọ́n ń wá. Ní ibi tí ìdí rẹ̀ ti fẹ̀ jù, irú jìtá bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40. Ọ̀kan nínú àwọn kékeré ayé àtijọ́ kò ju nǹkan bí 34 lọ. Ohun tí a ń pè ní ìwọ̀n jìtá gan-an lónìí, ìwọ̀n tí ìgbà kan yàn fún iṣẹ́ kan ni.

Ẹni tí ó ń yan gbọ́dọ̀ tún mọ̀ pé ara kékeré kò fi dandan túmọ̀ sí ọrùn tí ó rọrùn. Jìtá olókùn ọ̀rá kò le lábẹ́ ìka, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ a máa fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 52 ní òkè. Ti olókùn irin sábà máa ń jẹ́ 43 tàbí 44. Gígùn okùn náà ṣe kókó. Bí okùn bá kúrú, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò sójú ọrùn yóò súnmọ́ ara wọn, ìka kúkúrú yóò sì dé ibi tí ó ń lọ láìfà ya. Gbogbo èyí, ọwọ́ nìkan ni ó lè jẹ́rìí sí i. Kí ènìyàn jókòó ti jìtá náà fún ìgbà díẹ̀, kí ó di ojú, kí ó fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ nítòsí orí rẹ̀. Bí èjìká bá wà nílẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ sì tọ́, ara ti dáhùn.

Kò yẹ kí a fi òtítọ́ pamọ́: ẹni tí ó yan kékeré pàdánù nǹkan. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní rinlẹ̀ tó ti ńlá, kò sì ní borí ariwo agbo. Nítorí náà ni yíyàn fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń rajà pé ta ni ó fẹ́ ta jìtá fún. Ní Gabon, ngombi, háàpù olókùn mẹ́jọ tí a ń lò nínú ìsìn Bwiti, ni a ń gbé ti ara láti ta. Mvet ti àwọn Fang pẹ̀lú, a máa ń gbá igbá rẹ̀ mọ́ àyà, a sì ń fi àyà náà dé e, a sì ń fi ṣí i, láti yí ohùn rẹ̀ padà. Ara ẹni tí ń ta wọ́n jẹ́ apá kan ohun èlò náà. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n kéré jù, nítorí pé etí tí wọ́n wà fún wà nítòsí.

Kí ló dé, nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yan ohun tí kò bá wọn mu? Ojú ni ó ń yàn fún wọn. Ifá ti sọ ìtàn Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ tí wọ́n lọ yan orí ní ilé Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yan èyí tí ó wù wọ́n lójú, wọn kò mọ̀ pé iná kò mú un dáadáa. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí náà sì ṣá. Afùwàpẹ́ ni ó ní sùúrù kí Àjàlá fúnra rẹ̀ tó bá a yan èyí tí ó le. Òjò ni ó tú àṣírí ohun tí ojú yàn. Ní Libreville, níbi tí òjò ọdún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta, ìtàn yìí kì í ṣe àlọ́ fún oníjìtá. Ọ̀rinrin a máa wú igi, a sì máa tẹ ọrùn. Èyí tí a fi pákó tí a lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele ṣe lè máà dán lójú, síbẹ̀ ó máa ń fara da ọ̀rinrin ju èyí tí a fi odindi pákó ṣe lọ. Irin tí ó wà nínú ọrùn, tí a lè yí láti tún un tọ́, níye lórí ju ọ̀ṣọ́ ara lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn olórin tí òkìkí wọn kàn jù ní Gabon, Pierre-Claude Akendengué, tí a bí ní ọdún 1943, tí àwo rẹ̀ Nandipo sì jáde ní ọdún 1974, jẹ́ afọ́jú. Jìtá ni ó fi gbé orin tí ó kọ ní èdè Nkomi àti èdè Faransé dé ọ̀dọ̀ aráyé. Dídán ara jìtá kò lè tan irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ. Ohun tí ọwọ́ àti etí bá sọ ni ó kù fún un.

Ẹ̀tàn ojú kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á nìkan. Igi dúdú tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ẹ́bọ́nì Gabon kì í fi gbogbo ìgbà dúdú tán. Òmíràn ní ìlà funfun tàbí pupa rúsúrúsú nínú. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Taylor ti Amẹ́ríkà àti Madinter ti Sípéènì jọ ra ilé ìlàgi Crelicam ní Yaoundé, ní Cameroon tí ó bá Gabon pààlà. Wọ́n rí i pé àwọn agégi a máa gé igi lulẹ̀, bí wọ́n bá sì rí ìlà nínú rẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà nínú igbó, nítorí pé èyí tí ó dúdú kirikiri nìkan ni ọjà ń fẹ́. Taylor pinnu láti máa lo aláìlà àti onílà pọ̀. Ìka tí ó wà lórí ọrùn jìtá kò lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Igi tí ó pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dàgbà ṣègbé nítorí ojú tí kì í ta okùn kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹni tí ó wá jìtá tí ó bá ara rẹ̀ mu kò sá fún iṣẹ́. Ohun tí yóò dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni ó mú kúrò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí olùkọ́ bá fi ọ̀ranyàn gbé ńlá lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nítorí pé ńlá ni ó yẹ àgbà, ó lè jẹ́ pé ara ògiri ni jìtá náà yóò parí sí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì gbà títí ayé pé òun kò ní ẹ̀bùn orin. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí kò bá a mu ti jẹ́ kí ó dà bí òótọ́.