Ẹ̀ka Tí Wọn Kò Yẹ̀ Wò

Òdòdó kan ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn lásìkò yìí. Irú money plant tuntun ni, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ní pálọ̀, tí ìtàkùn rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀. Funfun wà lára ewé rẹ̀ bí ẹni ta ẹfun sí i. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló máa ń ṣàdédé yí àwọ̀ padà lára ti àtijọ́. Àwọn olóko òdòdó á gé e, wọ́n á gbìn ín, wọ́n á fún un lórúkọ, ó ti dowó ńlá nìyẹn. O rí i lórí fóònù, ojú rẹ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Lo bá ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù pé bó bá ń bọ̀ wálé sí Ayébòdé Èkìtì lọ́dún, kó gé ẹ̀ka kan, kó fi láílọ́ọ̀nù wé e, kó kì í sáàárín aṣọ.

Jọ̀ọ́, gbọ́ ohun tí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ti fojú wa rí.

Ní 1973, àwọn àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Kóńgò rí kòkòrò funfun kéékèèké lára ẹ̀gẹ́ wọn, ìyẹ̀fun bò wọ́n lára. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá. Àwọn onímọ̀ gbà pé ara igi ẹ̀gẹ́ tí ẹnì kan gbé sọdá òkun ló bá dé. A kò mọ orúkọ ẹni náà. Bóyá ẹ̀gẹ́ tó dára ló ń wá kiri, kò sì ní ẹnikẹ́ni ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó gé igi, ó dì í, ó gbé e wọlé láìjẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa kòkòrò yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

Kòkòrò yìí kò nílò akọ. Abo kan lè yé ẹyin tó 400, abo náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jẹ́. Ẹyọ kan lára ẹ̀ka kan ti tó. Ó ń mu omi ọ̀mùnú ewé, ọ̀mùnú á lọ́, á kì pọ̀, igi á ràn, ìdí rẹ̀ kò sì ní ta. Níbi tó bá ti le, nínú ìkórè mẹ́wàá, mẹ́jọ ló ń ṣòfò. Kó tó di 1980, ó ti dé Nàìjíríà. Ìwọ tí wọ́n fi owó gàrí rán níléèwé, mo mọ̀ pé èyí yé ọ.

IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ló gbà wá. Hans Herren, onímọ̀ kòkòrò kan níbẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀tá kòkòrò náà dé Paraguay, wọ́n rí agbọ́n tíńtìntín kan tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Agbọ́n tó jẹ́ oògùn pàápàá, wọn kò kàn kó o sápò: Ìlú Ọba ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n sé e mọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó wá sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní 1981. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Àgbẹ̀ tó ti pàdánù oko rẹ̀ kò gba nǹkan kan.

Irú kòkòrò oníyẹ̀fun mìíràn wà tó fẹ́ràn òdòdó inú ilé. Abẹ́ abíyá ewé ló ń sá sí, funfun lórí funfun, o kò sì ní tètè rí i. Ìdílé kan náà sì ni money plant àti kókò tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ; àrùn tó bá mú ọ̀kan lè mú èkejì.

Nítorí náà, sọ fún àbúrò rẹ pé kó má gé e. Bó bá jẹ́ dandan, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ irúgbìn wò ní ẹnubodè. Bó bá sì ti dé ilé rẹ, yà á sọ́tọ̀, yí ewé rẹ̀ wò lábẹ́, má sì gé nínú rẹ̀ fún aládùúgbò kankan. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní ọgbà FUOYE, Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́ Èkìtì, ní Ìkọ̀lé, kò jìnnà sí ọ. Lọ bi wọ́n.