Ìgbẹ̀yìn Ní Í Yé Olókùú Àdá

Àdá tó kú ṣì ń gé koríko láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni olóko tó mọ ohun tí iṣẹ́ náà gbà lára òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtànṣán X-ray. Ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen rí i ní Jámánì. Nígbà tó fi máa di 1935, àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi í tọ́jú ankylosing spondylitis, àrùn tó máa ń mú kí oríkèé ẹ̀yìn wú, tí eegun á fi lẹ̀ pọ̀, tí ẹ̀yìn á wá le gbagidi. Aláìsàn á dojú bolẹ̀, ẹ̀rọ á tan ìtànṣán sí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrora á rọlẹ̀, ẹni tí kì í rí oorun sùn á sùn. Ta ló máa kọ irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀?

Ní 1957 ni àwọn olùwádìí ìṣègùn, Court Brown àti Richard Doll, gbé àbájáde ìwé aláìsàn tó lé ní 13,000 tí wọ́n ti fi ìtànṣán náà tọ́jú jáde. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ti pa nínú wọn tó nǹkan bí ìlọ́po 10 iye èèyàn tí à bá retí. Èmi ò bú àwọn dókítà náà. Ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀ ló jẹ́ kí òótọ́ hàn.

Ní Ìpakodò, ìlú èbúté wa, alábàárù àti apẹja ń kérora ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ankylosing spondylitis ṣọ̀wọ́n láàárín wa, torí HLA-B27, àbùdá àjogúnbá tó ń bá a rìn, kò wọ́pọ̀ lára Yorùbá. Síbẹ̀, bí ẹ̀yìn yín bá ń le láràárọ̀, tó ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ fi abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ béèrè ohun tí oògùn rẹ̀ lè fà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí ẹ sì tọ́jú káàdì ilé ìwòsàn yín.