Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Máa Rán Ibùsùn fún Ajá?

Ìbéèrè kan wáyé láàárín wa ní Pleasure níbí, ní ọjọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin bí a ti í fi aṣọ àlòkù rán ohun tó wúlò. A ti rán àpò ọjà, a ti rán aṣọ tí a fi ń gbé ìkòkò gbígbóná, ó wá kan ibùsùn ajá. Ìyá kan gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun kò bá wa dá sí èyí. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn ń bẹ lábẹ́ afárá tí kò rí aṣọ bora, ẹ wá ń rán tìmùtìmù fún ajá?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ìdí nìyí tí a fi ní kí a gbé e wá sí ojú ìwé yìí, kí gbogbo wa jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí a tó dá ìyá yìí lóhùn, ẹ jẹ́ kí a gbà pé kò sọ̀rọ̀ lásán. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, àwa tí a ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan jẹ́ 1,277,714. Ẹ̀yin náà sì ti fi ojú rí bí ilé ṣe ń so mọ́ ilé láti ìgbà náà, láti Ìyànà Ìpájà títí dé Ìkọ̀tún àti Ìgàńdò. Níbi tí ènìyàn pọ̀ tó báyìí, a kì í wá aláìní títí kí a tó rí i. Ẹni tí ó bá ní kí a kọ́kọ́ ro ti ọmọ ènìyàn, iṣẹ́ Dọ́káàsì ni ó ń rán wa létí. Ẹ̀wù àwọn opó ni ìyá yẹn ń rán ní Jọ́pà. A kò kà á níbì kankan pé ó rán nǹkan fún ajá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ajá náà fúnra rẹ̀. Ní ilé àwọn bàbá wa, kò sí ẹni tí ń rán ibùsùn fún ajá, nítorí pé ajá kò wá a. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn ìyá bá ti sọ oúnjẹ kalẹ̀, ìdí ààrò ni ajá ń lọ. Eérú ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò ká jọ sínú rẹ̀, yóò sì sùn. Ní òwúrọ̀ yóò gbọn eérú nù, yóò tẹ̀lé ọdẹ tàbí àgbẹ̀ lọ sí oko. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ó ń tẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó so ó mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi òwe sọ ajá wọn lórúkọ, kí wọ́n lè máa fi pípè ajá dá orogún tàbí aládùúgbò lóhùn láàárọ̀ kùtùkùtù; ìyẹn kò dára, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ajá wà láàárín ilé, ó mọ ọ̀rọ̀ ilé.

Ẹ wá wo ti Èkó tiwa. Gáàsì àti sítóòfù ni a fi ń dáná, ààrò ti lọ. Nítorí ẹrẹ̀, a da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Nítorí olè, a ra ajá, a so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì. Sìmẹ́ǹtì yìí, bí ó bá di oṣù kẹfà, omi ni ó ń fà. Bí ọyẹ́ bá dé, òtútù rẹ̀ ní ìdájí a máa wọ eegun. Ní oṣù kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sán kò nílò kí a sọ fún yín. Ẹ wo ìgunpá ajá tí ó ti dàgbà lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: irun ti họ kúrò níbẹ̀, awọ rẹ̀ ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Àwa ni a gba ààrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ni a gba yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú. Tí a bá wá fi àkísà rán ohun tí yóò fi ara lé, ẹni tí kì í sùn kí àwa lè sùn, ǹjẹ́ kẹ́ra ni a ń kẹ́ ajá, tàbí gbèsè ni a ń san? Ní tiwa, gbèsè ni a pè é.

Ìwé Òwe, ní orí kejìlá, ka ìtọ́jú ohun ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo, kò fi í ṣe eré. Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì pàápàá kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹranko kò kàn wá. Ní ọdún 1781 ni John Wesley kọ ìwàásù kan lórí Róòmù orí kẹjọ, nípa ìdáǹdè gbogbo ẹ̀dá. Ó kọ́ni níbẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn ni ó fa ìyà wá sórí àwọn ẹranko, pé Ọlọ́run kò gbàgbé wọn, àti pé bí a bá mọ èyí, ó yẹ kí ọkàn wa rọ̀ sí wọn. Wesley yìí kan náà ni ó tún ṣe ìwàásù nípa aṣọ wíwọ̀, níbi tí ó ti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wí gidigidi pé owó tí a bá fi ra aṣọ àṣejù sí ara wa, ìhòòhò aláìní ni a fi ń pọ̀ sí i. Ẹnu kan náà ni ó sọ méjèèjì, wọn kò sì bá ara wọn jà lẹ́nu rẹ̀.

Ó kù kí a mú ọ̀rọ̀ aṣọ fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, aṣọ ní ìrìnàjò tirẹ̀. Ìró tuntun, òde ni a kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́ lọ. Bí ó bá ṣá, a gbé e tọ aláró lọ, ó tún di tuntun. Lẹ́yìn èyí ó di aṣọ ilé, ó di aṣọ ìbora, ó di ìlédìí ọmọ nítorí pé ó ti rọ̀ dáadáa, ó sì di àkísà tí a fi ń nu ilẹ̀. Kò sí ibi tí ó ti fò nínú ìrìnàjò náà. Ti òde òní yàtọ̀. Aṣọ ẹbí tí a rán ní owó gọbọi, ẹ̀ẹ̀kan ni a wọ̀ ọ́, a ká a sínú àpótí nítorí pé gbogbo ènìyàn ti rí i lára wa. Aṣọ kò gbó. Àwa ni ó sú. Níbi yìí ni ìyá tí ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ti borí wa. Bí a bá mú ańkárá tí kò tíì wọ omi lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí a sì fi àlùmọ́gàjí gé e fún ajá, àṣejù ni. Ara ènìyàn ni aṣọ bẹ́ẹ̀ yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ó ti dùn wá. A mọ àwọn tí ó jẹ́ pé, bí a bá ní kí a kó aṣọ fún ilé àwọn ọmọ aláìníyàá, ohun tí wọ́n ń dì sínú àpò ni ṣòkòtò tí síìpù rẹ̀ ti já, síńgílẹ́ẹ̀tì tí abíyá rẹ̀ ti ya, ìbora tí ó ti ní àbàwọ́n. Wọn a tún dúró ya fọ́tò. Àwọn tí ń tọ́jú ọmọ á wá jókòó ṣa aṣọ fún odindi ọjọ́ kan, wọn yóò sì dáná sun ìdajì rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ sí ajá ni a gbé fún ọmọ ènìyàn yẹn, a sì pè é ní àánú.

Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn tí ó mọ ọjà Kàtàngúà, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ti ń wá ra òkirikà níbẹ̀. Òkirikà ti bo ọ̀pọ̀ ìhòòhò, a kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tú ẹrù aṣọ yóò sọ fún yín pé ọwọ́ a máa ba ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀ nínú rẹ̀. Ní Accra, ní orílẹ̀-èdè Ghana, ọjà Kantamanto ni ibi tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù. Àwọn kan ṣírò pé mílíọ̀nù 15 ẹyọ aṣọ ni ó ń wọ ibẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Orúkọ tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí aṣọ òyìnbó tí ó ti kú. Èyí tí wọn kò bá rí tà nínú rẹ̀ a máa lọ sí ààtàn àti etí òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025 ni iná jó apá púpọ̀ nínú ọjà náà, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì pàdánù. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kó aṣọ yẹn sílẹ̀ lókè òkun rò pé àwọn ń fún tálákà ní nǹkan ni.

Nítorí náà, àwa ní ìwọ̀n kan tí a fi ń ya aṣọ sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá fún ẹ̀yin fúnra yín ní aṣọ yìí, ṣé ẹ ó wọ̀ ọ́ dé ọjà Òkè-Odò lójú gbogbo ènìyàn? Bí ẹ bá lè wọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fún ènìyàn. Bí ẹ kò bá lè wọ̀ ọ́, ẹ gbé e fún ajá.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí kò rọrùn láti sọ láàárín ara wa. Ilé wà ní àdúgbò yìí tí ajá ní fóòmù, tí máígádì sì ń sùn lórí páálí. Ilé wà tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń tẹ́ ìró kan ṣoṣo sílẹ̀ ní kíṣíìnì, tí a sì ń jí i láago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó má wulẹ̀ gbé òwú. Kì í ṣe pé ajá kò tọ́ sí ibùsùn. Ẹni tí ó wà níwájú ajá ni a kò tíì dá lóhùn. Bí ìyá tí ó bá wa jà bá sọ ọ́ báyìí, a ò ní rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ajá ni ó gba fóòmù lọ́wọ́ máígádì. Àwọn tí ajá wọn ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì, ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni ó wá ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì? Ìyá ilé kan náà ni ó ń pín gbogbo rẹ̀, a sì ti rí i pé ọwọ́ tí ó le sí ọ̀kan kì í sábà rọ̀ sí èkejì.

Ní ti rírán rẹ̀, kò le. Ẹ jẹ́ kí ajá nà gbọọrọ, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù, kí ẹ fi ìbú ọwọ́ kan lé e. Ajá ilé tí kò tóbi jù, íńṣì 36 ní gígùn àti 27 ní fífẹ̀ tó o. Àpò méjì ni ẹ ó rán. Ti inú, ẹ fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ó ti gbó rán an, kí ẹ gé àkísà wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, súẹ́tà àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni ó dára jù. Bí ẹ bá gé e tóbi, yóò ṣùjọ sí ojú kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ẹnu rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un lágùn-únká ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ohun inú rẹ̀ má lè rìn. Ti òde, kákí, jíìnsì tàbí kọ́tìnì ni kí ó jẹ́, kí ẹnu rẹ̀ bo ara rẹ̀ bí ti àpò ìrọ̀rí, kí ẹ lè máa bọ́ ọ fọ̀. Ẹ má fi bọ́tìnnì tàbí síìpù sí i, ajá a máa já a jẹ. Léèsì kò dára rárá, èékánná rẹ̀ yóò há sí i, èyí tí ó ní òkúta wẹ́wẹ́ lára burú jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni ìsàlẹ̀: ẹ rán àpò ìrẹsì mọ́ ọn nísàlẹ̀, kí omi sìmẹ́ǹtì má fà wọ inú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni kí ẹ fi omi gbígbóná fọ ti òde, kí ẹ sì sá ti inú sí oòrùn, nítorí eégbọn. Ẹ má sì gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára digbòlugi. Ẹni tí ó rán ibùsùn fún ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ fún un kò tíì tọ́jú ajá náà, kò sì tọ́jú àwọn ọmọ àdúgbò.

Bí ajá kò bá kọ́kọ́ gbà á, ẹ má bínú. Ilé kan tí a kọ́kọ́ rán an fún ní òpópónà wa, ọjọ́ mẹ́ta ni ajá fi ń gbóòórùn rẹ̀, tí ó sì ń padà lọ sùn sórí sìmẹ́ǹtì. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ilé fi ògbólógbòó ìró tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ń sùn bò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ajá yí po lẹ́ẹ̀mẹta bí ìṣe wọn, ó sì dùbúlẹ̀ lé e. Máígádì ni ó ròyìn rẹ̀ fún wa. Ó ní òun ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì tòun.