Iná Inú Ẹfun

Ìléru ẹfun pọ̀ ní oko Áyálándì, wọ́n sì mọ púpọ̀ nínú wọn ní ọ̀rúndún 18 àti 19. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n máa ń fi òkúta mọ ọ́n sí, kó lè rọrùn láti ti òkè da ẹrù sínú rẹ̀. Nígbà náà, àgbẹ̀ á tẹ́ òkúta ẹfun wẹ́wẹ́, á tẹ́ ẹrẹ̀ àbàtà gbígbẹ tàbí èédú lé e, á tún tẹ́ òkúta, títí ìléru á fi kún. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni iná fi ń jó. Bí ooru bá tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, kábọ́nì dayọ́sáídì á jáde lára òkúta; 100 kìlógíráàmù èyí tó mọ́ gaara á ku 56. Èéfín ìléru ti pa àwọn aláìnílé tó sùn sẹ́bàá rẹ̀ nítorí òtútù.

Ẹfun sísun tó ti tutù kò fi iná kankan hàn. Ṣùgbọ́n ẹ da omi sí i: á hó ṣìì, á wú, á sán, oru á máa rú, á sì wó di lẹ́búlẹ́bú. Òun ni wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ tí ásíìdì rẹ̀ pọ̀ jù, òun náà ni wọ́n fi ń kun ilé.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ti rí irú èyí tipẹ́. Nínú ìwé 21 *Ìlú Ọlọ́run*, ó ń dá àwọn tó sọ pé ara kò lè wà nínú iná ọ̀run àpáàdì láéláé láìjóná lóhùn. Ó ní omi tó ń pa iná ló ń jí ti ẹfun, òróró tó ń bọ́ iná kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ó fi iná náà wé ẹ̀mí tó fara sin sínú ara. Ó ní ká ní Íńdíà ni òkúta yìí wà, àwọn èèyàn ì bá pe ìròyìn rẹ̀ nírọ́, tàbí kẹ́nu yà wọ́n. Torí pé ó wà nítòsí, wọn ò kà á sí.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ṣì dúró. Ti iná àìnípẹ̀kun ni kò dúró. Ìdàpọ̀ ẹfun àti omi ló ń mú ooru wá, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni. Ẹni tó bá bomi sí i lẹ́ẹ̀kejì kò ní rí nǹkan kan. Òkúta náà kò sì la iná já bó ṣe wà: ìdá 44 nínú 100 rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun kan wà tí Augustine kò lè mọ̀. Ẹfun tí wọ́n fi kun ògiri máa ń gba kábọ́nì dayọ́sáídì padà díẹ̀díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, á sì padà di ohun kan náà tí òkúta ẹfun jẹ́. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó sọ nù nínú ìléru ló gbà, síbẹ̀ òkúta ẹfun ni. Nítorí náà, ìbéèrè àjíǹde, bí ara tó ti tú ká ṣe lè padà di ara kan náà, tí Augustine gbé yẹ̀ wò nínú ìwé 22, ni ẹfun lè jẹ́rìí sí ju ti ọ̀run àpáàdì lọ.