Àwọn Tí Kò Rí Ẹni Gbà Wọ́n Síṣẹ́

Ẹ̀kọ́ kíkà: Mátíù 20:1–16, Jákọ́bù 5:1–6

Ìbá wù wá kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ bí èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó ìwé ẹ̀bẹ̀ jọ síwájú pẹpẹ mọ ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: iṣẹ́, owó ilé-ẹ̀kọ́, gbèsè, oúnjẹ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣì inú ilé la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ní pàtàkì bó ṣe rí ní ilẹ̀ Èkìtì yìí.

Olúwa wa pa òwe baálé ilé kan tó jí ní kùtùkùtù lọ wá alágbàṣe sínú ọgbà àjàrà rẹ̀. Wọ́n dá iye, owó ojúmọ́ kan. Ó tún jáde ní wákàtí kẹta, ó tún jáde ní ìkẹfà àti ìkẹsàn-án. Nígbà tó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, ní wákàtí kọkànlá, ó bá àwọn kan lórí ìdúró síbẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dúró láti àárọ̀. Ìdáhùn wọn kò gùn rárá: wọn kò rí ẹni gbà wọ́n ni. Ẹ kíyè sí i pé baálé náà kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Kò bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbààwẹ̀, kò bi wọ́n pé ta ló ń bá wọn jà nílé bàbá wọn. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ó sì rán wọn lọ sóko.

Ẹ jáde sí oríta ní Adó tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó rí àwọn ará ọjà yẹn. Bíríkìlà ni, lébìrà ni, pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọkọ̀ kan á dúró, wọn á sáré sí i bí ogún, ọkọ̀ náà á gbé méjì. Àwọn tó kù á padà sí ìdúró. Títí ọ̀sán, wọ́n wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ wí fún wa pé ọ̀lẹ ní í jí láago márùn-ún?

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìjọba ṣe ń ka irú wọn. Ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NBS, sọ pé ní ìparí ọdún 2020, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó fẹ́ ṣiṣẹ́, 33 ni kò níṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìwé tuntun jáde: àwọn tí kò níṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà kò ju 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹlòmíràn á ti pariwo Halleluyah! Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà ni ó yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni. Nísinsin yìí, ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan nítorí owó tàbí èrè, ó ti níṣẹ́ nìyẹn. A kò sọ pé wọ́n purọ́ o. Bí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ń kà á nìyẹn, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba. Inú ìwé kan náà la ti rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí wọ́n kà pé ó níṣẹ́, kò pé 12 tó ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Àwọn tó kù, tẹni ni wọ́n ń ṣe: oko, igbá ata, ọ̀kadà, ìsọ̀ télọ̀. Ó sì lé ní 92 nínú ọgọ́rùn-ún tí iṣẹ́ wọn kò ní ìwé kankan tó dáàbò bò ó.

Ẹ wá fi wákàtí kan yìí wé wákàtí kan tí inú òwe Olúwa. Ẹni tó ṣe wákàtí kan lóko àjàrà, owó ojúmọ́ pípé ni baálé náà san fún un, tí àwọn tó ti wà lóko láti àárọ̀ fi ń kùn. Àwọn kan ń wàásù ẹsẹ yìí fún oore-ọ̀fẹ́ nìkan, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò ní ti ilé ìdáná. Owó ojúmọ́ ni owó tí ilé kan fi ń jẹun di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá gbé ìdá kan nínú méjìlá rẹ̀ dé ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jẹ ìdá kan nínú méjìlá oúnjẹ kí wọ́n sì yó. Wákàtí ni olùṣirò kà. Ẹnu tó wà nílé ni baálé ọgbà àjàrà kà.

Ní ti Èkìtì wa, ọ̀rọ̀ náà ní ìdí tirẹ̀. Ìṣirò òṣì tí NBS ṣe fún ọdún 2019 fi ààlà sí 137,430 náírà fún ẹnì kan lọ́dún, ìyẹn kò pé 377 náírà lójúmọ́. Ní Èkìtì, 28 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni kò dé ibẹ̀. Oǹdó tí a jọ wà pọ̀ títí di 1996 jẹ́ 12 àti díẹ̀. Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun kò pé 10. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní orísun ìmọ̀! Ilé wo ni kò ti sí ẹni tó kàwé jáde níbí? Àwọn bàbá wa ta kòkó, wọ́n fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ọmọ sì gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé ẹ̀rí náà á ti ṣiṣẹ́ kò tó. Ilé-iṣẹ́ bíríkì amọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìrè-Èkìtì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi ìsìn màlúù oníwàrà ní Ìkùn-Èkìtì náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá ilé-iṣẹ́ Promasidor dòwò pọ̀ láti jí i. Ohun tó wá ṣẹ́ kù fún akọ̀wé ni iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ olùkọ́.

Owó iṣẹ́ ìjọba yìí, Àbújá ló ti ń wá lóṣooṣù, owó epo rọ̀bì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ọdún 2014. Lárìn ọdún 2014, àgbá epo rọ̀bì kan lé ní 100 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó di oṣù kìíní 2016, ó ti já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30. Ẹ rántí àwọn ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò rí owó oṣù san déédéé, Èkìtì àti Ọ̀ṣun wà nínú wọn. Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ló jìyà rẹ̀. Ìyá aláta tó ń tà fún olùkọ́ láwìn, onídìrí, ọlọ́kadà, télọ̀, ọmọ iṣẹ́ télọ̀, gbogbo wọn ló dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí epo lókè òkun dé inú ìkòkò ọbẹ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Lẹ́yìn náà, ní 29 oṣù karùn-ún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, lítà tí kò tó 200 náírà sì fò sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àwa kò sọ pé kò sí ọ̀tá. Aládùúrà ni wá, a mọ ohun tí à ń gbàdúrà lé lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jáde ní yunifásítì ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn tí kò ríṣẹ́, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé ìyá bàbá rẹ̀ ló so ọwọ́ rẹ̀, kí ni ìyá arúgbó náà mọ̀ nípa iye epo rọ̀bì? Irú ìríran bẹ́ẹ̀ ti tú ilé ká, iṣẹ́ kò sì tìtorí rẹ̀ dé. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, iye kòkó ti wó lọ́jà àgbáyé, owó orí sì ń bẹ lọ́rùn àwọn ènìyàn. Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí Ọlọ́run lò níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀títì ni kí ìpè tó dé bá a ní 1928. Ó mọ bí lébìrà ṣe ń rẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ wa wá kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́, nítorí wọ́n pọ̀ nínú ìjọ, Ọlọ́run sì bùkún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé búrẹ́dì, ibi ìgé pákó, oko kòkó. Owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà lábẹ́ òfin ní oṣù keje 2024. Òfin yìí yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, a mọ̀. Jákọ́bù kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ní owó alágbàṣe tí a dì mú ń ké jáde, Ọlọ́run àwọn ọmọ ogun sì ti gbọ́. Òfin Mósè ní kí oòrùn má wọ̀ lé owó òṣìṣẹ́ lórí, nítorí tálákà ni, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó náà. Ẹ wo àwọn ọmọ Bẹ̀nìnì, Tógò àti Bẹ́núè tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko, tí wọn kì í gba owó títí ọdún fi í parí. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lókè òkun, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí ẹni tó ṣa kòkó náà bá gba iye ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún yọ owó gààrí kúrò nínú rẹ̀, kí ni à ń dúpẹ́ fún níwájú pẹpẹ?

Ọ̀rọ̀ aṣọ àjọ̀dún náà ń kọ́? A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́, ẹ ṣe é dára. Ṣùgbọ́n arábìnrin tó lọ yá owó kómúlélántà nítorí aṣọ, tó ń fi owó ata san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló fi hàn. Ojú ló tì í. Ẹ̀wù àdúrà funfun tí gbogbo wa ní tó fún ìsìn. Kí olórí ẹgbẹ́ kankan má ṣe lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí pé kò ra aṣọ.

Ẹni tó bá jẹ owó iṣẹ́ ọmọlàkejì rẹ̀, kó má dúró di ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè. Àwọn bàbá ìjọ á jókòó ní yàrá ìpàdé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí ojú bá ń tì láti lọ bá alágbàṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mú owó náà wá síbẹ̀. A ó fi jíṣẹ́, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀ fún ìjọ.